Ẹni Tó Jókòó Ti Ọkọ Mi ní Kóòtù

                                        Ojúlé Kẹtàlá, Òpópónà Birch,
                                        Nordby, Wisconsin.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 1994.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Renata,

Ṣé dáadáa lo wà? Gordon ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo ọ̀nà oko yín, ẹ kú ìfaradà òtútù. Àwa náà wà níbí, ara le, oúnjẹ ń wọlé, àlàáfíà nìkan ni mi ò lè búra pé ó wà nílé yìí.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo rí i pé ìjọba ìbílẹ̀ yín ti pè ọ́ kí o wá ṣe júrì, kí o bá àwọn mọ́kànlá mìíràn gbọ́ ẹjọ́, kí ẹ sì sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. O ní kí n sọ ohun tí ojú rẹ máa rí, nítorí pé Merle ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe júrì tiwa níbí. Ẹni tó yẹ kó o bi léèrè lo bi yìí. Ṣùgbọ́n jókòó kó o tó kà á, torí inú mi ṣì ń ru.

Tètè dé ibẹ̀. Mú ohun tí o máa kà dání, àmọ́ fi sísọ́ọ̀sì sílé, torí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á gbà á. Wàá jókòó títí ìdí á fi máa ro ọ́, kọfí wọn á sì dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, adájọ́ àtàwọn lọ́yà á bi ọ́ ní ìbéèrè: ṣé o mọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ṣé wọ́n ti jà ọ́ lólè rí, ṣé inú rẹ lè mọ́ sí tọ̀tún tòsì. Tí wọ́n bá ní o ṣeun, máa lọ sílé, má bínú o. Ká ní wọ́n ti lé Merle lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ilé mi ì bá tòrò.

Wọ́n mú un. Ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó dáná sun abà koríko aládùúgbò rẹ̀ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ọ ló máa sọ àga rẹ, kò sí pé mo fẹ́ jókòó síbòmíì. Ta ló wá bọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ Merle? Corliss Haugen! Corliss tó bá a jó níbi ijó ìparí ẹ̀kọ́ wọn kí n tó mọ̀ ọ́n, tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, tó wá ń kun ètè bí ọmọge. Merle ò sọ fún mi o. Ẹni tó ń ṣe irun mi ló sọ ọ́, tó ń wo ojú mi nínú dígí bóyá màá sunkún.

Mo délé, mo da ìbéèrè bo ọkọ mi nídìí oúnjẹ.

"Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án?"

"Búrẹ́dì àti ẹran."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Gbogbo wa."

"Ṣé Corliss náà wà nínú gbogbo yín?"

"Ardis, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun. Adájọ́ ní a ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ yìí."

"Ṣé Corliss lẹjọ́ ọ̀hún ni?"

Òfin wọn nìyẹn, wọ́n á sọ ọ́ fún ìwọ náà títí á fi sú ọ. O ò gbọ́dọ̀ bá Gordon sọ ọ́. Ẹ̀yin júrì pàápàá ò gbọ́dọ̀ bá ara yín sọ ọ́, àfi ìgbà tí ẹjọ́ bá parí tí wọ́n bá tì yín mọ́ inú yàrá láti gbìmọ̀. Mo wá bi ara mi: tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ẹjọ́, kí ni ọkùnrin àti opó tó kun ètè ń sọ nídìí búrẹ́dì lójoojúmọ́? Merle tí kì í fá irùngbọ̀n àfi ọjọ́ ìsìn wá ń fá a láràárọ̀. Ó tún ń súfèé! Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin ò dénú, tèmi ò tiẹ̀ dé ètè.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo gba kóòtù lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé jókòó sẹ́yìn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa abà tó jó. Ohun tí mo rí ni pé Corliss yọ súìtì nínú báàgì, ó jẹ ọ̀kan, ó na ọ̀kan sí ọkọ mi, Merle sì gbà á láì wojú rẹ̀, bí ohun tó ti mọ́ ọn lára. Àìwojú yẹn ló pa mí. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún èèyàn ní nǹkan, ṣebí a máa ń wò ó ká tó dúpẹ́.

Adájọ́ ní kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀. Mo ká Corliss mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti fẹ́ mu omi, káàdì júrì wà láyà rẹ̀.

"Corliss, súìtì wà nílé Merle o. Ọkọ tìẹ ló kú, tèmi ò kú."

Ó la ojú sílẹ̀, kò fèsì. Ìgbéraga ni mo pè é. Mi ò rántí pé ará ìta ò gbọ́dọ̀ bá júrì sọ ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí wọn lọ́kàn padà. Akọ̀dà kóòtù sì ti rí mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Wọ́n kó àwọn júrì kúrò, wọ́n ní kí n dìde níwájú adájọ́.

"Ìyáàfin Lindquist, kí lẹ bá obìnrin yẹn sọ?"

"Ọ̀rọ̀ súìtì ni, Olúwa mi."

"Súìtì báwo?"

Renata, mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá, akọ̀wé kóòtù sì ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àwọn lọ́yà fọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ pàápàá, tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Corliss wọlé, ó ní ọ̀rọ̀ mi ò dí òun lọ́wọ́. Wọ́n wá pe Merle. Adájọ́ bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ṣì lè wà lọ́dọ̀ ẹjọ́ náà. O mọ Merle, kì í purọ́. Ó wò mí, ó wò mí, ó ní, "Rárá, Olúwa mi. Ọkàn mi ti lọ sílé."

Wọ́n gba káàdì àyà rẹ̀, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn júrì tí wọ́n fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dí àyè rẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì mí, àmọ́ mi ò ní tàn ọ́, inú mi dùn. Arúgbó elérìgì kan ni wọ́n fi ti Corliss.

Merle ò bá mi jà. Ó wa ọkọ̀ délé, ó sì lọ ń kó yìnyín níbi tó ti kó o láàárọ̀. Òfin ṣì di ẹnu rẹ̀ títí ìdájọ́ á fi wáyé, ó sì fi òfin náà bojú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, "kò tíì tó àkókò" ni. Nígbà tí rédíò wá kéde pé àwọn júrì ní ọkùnrin náà kò jẹ̀bi, mo fẹ́ẹ̀ jó, torí òfin ti tú ẹnu Merle. Mo dúró di ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbé ẹran màlúù àti ọ̀dùnkún síwájú rẹ̀, mo sì jókòó.

"Wọ́n ti tú yín sílẹ̀. Kí ni ìwọ àti Corliss máa ń sọ?"

"Màlúù. Ó fẹ́ ta màlúù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀."

"Màlúù nìkan?"

"Màlúù, Ardis."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ara mi balẹ̀ débi pé mo bu ẹran kún tirẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti bi í pé, ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ lórí àga yẹn, kí ni ì bá sọ? Ṣé ọkùnrin náà jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mo ti sọ ọ́."

"Fún ta ni?"

"Corliss. Láàárọ̀ yìí, níbi tí a gbé mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí ló dé tó jẹ́ òun lo kọ́kọ́ sọ fún?"

"Òun ló bi mí."

Renata, mo gbé àwo ẹran kúrò níwájú rẹ̀. Kò sí ìfẹ́ kankan láàárín wọn, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ọkọ mi ni, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́, obìnrin yẹn sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo gbà á. Owú tó ń jẹ mí báyìí ju ti ọjọ́ kóòtù lọ, mi ò sì rí ẹni tí màá bá jà.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyá Gordon. Merle ní kí n kí ọ. Lọ ṣe júrì rẹ dáadáa, má dá ẹjọ́ títí wàá fi gbọ́ tọ̀tún tòsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ẹnu yín, má dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀. Máa lọ sílé tààrà, kó o sọ ọ́ fún Gordon, bí kò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n bi.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó ṣì ń jowú,
                                        Ardis Lindquist