Ayùn Ọlọ́wọ́ Méjì ti Krähenried

Èmi, Ottfried Leberecht Zwanziger, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí abúlé Krähenried ní bèbè odò ti ìwọ̀-oòrùn, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi olóògbé kò gbà bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n dókítà ló ní òǹtẹ̀. Kò sí ẹni tó na ìbọn sí mi kí n tó kọ ọ́, gbólóhùn tí kì í ṣe àṣejù ní abúlé tiwa.

1. Ìyáàfin Walburga Rödel, agbẹjọ́rò, ni mo yàn láti mú ìfẹ́ mi ṣẹ. Mo kọ́ ọ ní ìtàn nígbà èwe rẹ̀. Kò mọ ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò purọ́ nípa rẹ̀ rí, ohun tí n kò lè sọ nípa ọ̀pọ̀ ìjọba.

2. Ilé mi di ti Roswitha, ọmọ mi obìnrin, àti fèrèsé ilé ìdáná tó kọjú sí odò. Má ṣe dí fèrèsé náà. Nígbà tí àwọn alágbára ayé méjèèjì ń pín ilẹ̀ wa, wọ́n rí odò kan lórí àwòrán, odò tí àgùntàn lè fò láìsáré, wọ́n sì pinnu pé ibẹ̀ ni ayé yóò ti là sí méjì. Bèbè tiwa bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti àwọn olówó, bèbè kejì bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà àti àwọn Kọ́múníìsì. Gerwin, àbúrò mi, ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ọlọ tó wà lọ́hùn-ún nígbà náà. Màmá ní kó tètè dé fún oúnjẹ alẹ́. Wọ́n fa wáyà ẹlẹ́gùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn náà wọ́n mọ odi, oúnjẹ náà sì tutù fún nǹkan bí ogójì ọdún. Láti fèrèsé yẹn ni mo ti ń wò ó.

3. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi di ti Dankmar, ọmọ Gerwin. Ìran wọn ní ìtàn. Ọ̀kan nínú wọn wẹ̀ gba abẹ́ wáyà kọjá sí ìlà-oòrùn. Ìwé ìròyìn bèbè kejì kọ ọ́ pé ó sá fún ìnilára àwọn olówó, ìwé ìròyìn tiwa ní wọ́n jí i gbé ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bodè fún ìdílé Gerwin ní pẹ́pẹ́yẹ náà jẹ nígbà Kérésìmesì. Nígbà tí odi wó, ohun kejì tí Gerwin bá mi sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, pẹ́pẹ́yẹ yín yẹn le bí bàtà sójà. Ṣé ẹ kì í bọ́ wọn ni?" Ohun àkọ́kọ́, ẹkún ni.

4. Mo dárí gbèsè àgbá ọtí bíà kan ji bèbè ìlà-oòrùn. N kò dárí ti sọ́sééjì jì wọ́n. Àwọn ajogún mi gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Gbogbo yín mọ igi oṣù Karùn-ún: igi gíga tí a ń bó lára, tí a ń so òdòdó àti ríbọ́ọ̀nù mọ́ lórí, tí a sì ń gbé ró láti kí ìgbà ìrúwé káàbọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pín wa, bèbè kọ̀ọ̀kan ń ró tirẹ̀. Bí tiwa bá ga lọ́dún yìí, tiwọn á ga jù ú lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá wa ń du òṣùpá. Àwa ń du orí igi. Olórí abúlé tọ̀hún a máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo pé, "Igi àwọn òṣìṣẹ́ ti borí igi àwọn olówó!" Tiwa a sì fi orin ijó dá a lóhùn.

Ẹni tó bá juwọ́ sí ẹbí rẹ̀ láti bèbè ìlà-oòrùn, ọlọ́pàá á pè é. Ṣùgbọ́n Gerwin ló ń gun igi tiwọn. Nígbà tí wọ́n bí Dankmar, ó so ríbọ́ọ̀nù búlúù kan ṣoṣo mọ́ àárín àwọn pupa. Nígbà tí Màmá kú, mo so dúdú mọ́ tiwa. Ó dúró lábẹ́ igi rẹ̀, ó ṣí fìlà, òjò ń pa á. Òfin kò rántí ka ṣíṣí fìlà léèwọ̀.

Odi wó. Ní oṣù Karùn-ún tó tẹ̀ lé e, a jí igi wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni tí a jí igi rẹ̀ yóò fi bíà àti sọ́sééjì rà á padà, gbogbo ayé yóò sì jọ mu ún. Àwọn ará ọ̀hún kò rẹ́rìn-ín. Gerwin ní, "Ẹ ti ra ilé ọlọ, ẹ ti ti iléeṣẹ́ pa, igi ló kù tí ẹ ó jí!" A dá igi padà láwìn. Ó wò ó títí. "Mítà mẹ́tàlélógún ni igi wa. Níbo lẹ gé ìyókù sí?"

Olùkọ́ kì í méfò. Mo mú okùn ìwọ̀n, mo wọn igi náà níwájú gbogbo ènìyàn: mítà mọ́kàndínlógún. Bí wọ́n ṣe ń bù lé iye àgbàdo oko ìjọba wọn náà ni wọ́n ń bù lé gíga igi. Gerwin já okùn gbà lọ́wọ́ mi, ó gun igi tiwa, ó fi ìka kan orí rẹ̀, ó dún gbọnrangandan. Páìpù irin ni, tí a kùn ní àwọ̀ igi. Ó kígbe láti òkè: "Ẹ̀gbọ́n! Irú igbó wo lẹ ní, tí irin ń hù níbẹ̀?"

Abúlé méjèèjì rẹ́rìn-ín, àfi ènìyàn méjì. Láti ọjọ́ náà, èmi àti Gerwin kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò lè ṣe fún wa, okùn ìwọ̀n ṣe é kí a tó da bíà sí ife. Mo sì ń tẹnu mọ́ ọn pé a kò fi igi wa parọ́. A kàn ràn án lọ́wọ́ ni.

5. Ayùn ọlọ́wọ́ méjì tí Bàbá fi ń gé igi: irin rẹ̀ àti ọwọ́ kan wà lára ògiri mi. Gerwin mú ọwọ́ kejì lọ sí ilé ọlọ láti tún un ṣe, kí wọ́n tó fa wáyà. Ó ti tó kí ó parí àtúnṣe. Ìpín tèmi nínú ayùn náà di tirẹ̀, pẹ̀lú igbó mi lókè abúlé, níbi tí igi kan wà tó ga ju gbogbo irọ́ tí a ti pa lọ. Kí Roswitha àti Dankmar di ayùn náà mú ní ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n gé igi yẹn, kí wọ́n sì gbé e ró lórí afárá tó so bèbè méjèèjì pọ̀ báyìí, ẹyọ kan fún bèbè méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má wọ̀n ọ́n.

Òfin kò béèrè ẹlẹ́rìí fún ìwé tí a fọwọ́ kọ. Èmi béèrè. Ìyáàfin Rödel yóò kàwé yìí fún Gerwin ní ilé ọlọ. Mo fi àyè ẹlẹ́rìí kejì sílẹ̀ fún un, inú ilé ìdáná mi nìkan ni yóò sì ti fọwọ́ sí i. Bí kò bá wá, kí a ta igbó náà fún àwọn tó ń ṣe igi ìtayín, kí a sì sin ayùn mọ́ mi.

6. Níbi ìsìnkú mi, kí a se ọ̀dùnkún tí a gún, tí a sì ṣù róbótó, ti bèbè ìlà-oòrùn. Tiwọn dára jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ẹsẹ yìí sókè nígbà tí mo ṣì wà láàyè.

Mo fọwọ́ sí i ní Krähenried, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, ọdún 2011.

Ottfried Leberecht Zwanziger

Ẹlẹ́rìí kìíní: Walburga Rödel, agbẹjọ́rò. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Gerwin, títí kan ẹsẹ kẹfà. Ẹ dárí jì mí, Tíṣà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Gerwin Zwanziger. Inú ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti fọwọ́ sí i. Mítà mẹ́tàlélógún ni igi wa. Mo mú ọwọ́ ayùn wá, mo ti tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì kú, apá wọn ṣì le, tèmi náà sì le, n kò rí ìdí tí a ó fi máa dúró de àwọn ọmọ. Ọ̀la la óò gé e.