Àkòtó Tí Mo Gán

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dà yín láàmú ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà síwájú, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi pamọ́ fún yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti lọ́kọ. Èmi àti Gíga, birikílà tó máa ń tẹríba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà yín wọlé, ti fọwọ́ síwèé ní kóòtù, ayọ̀ sì ń pa mí bí ọtí.

Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí pé ẹ̀yin lẹ máa dá ọjọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó lé wa léré.

Àkòtó tí Gíga ń dé síṣẹ́ já bọ́ látorí àkàbà, ó sì sán. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí àkòtó rẹ̀ bá sán kò gbọdọ̀ gun òkè títí tuntun yóò fi dé, tuntun sì di ọjọ́ mẹ́rin. Ojú rẹ̀ fà ro, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ mi láti gán igbá? Mo fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí etí ibi tó sán, mo fi wáyà gán an, mo fi ọ̀dà kùn ún, ó sì ń dán gbinrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń yẹ irinṣẹ́ wò, tí a ń pè ní Ìyá Alákòtó, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo inú, ó rí wáyà. "Ta ló ṣe èyí?" Gíga ní òun ni. Mo ní, "Irọ́ ló ń pa, mà, èmi ni." Ó wò mí tìtì. "Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ bù sí i ni?" Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn birikílà. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ihò kékeré a máa la àkòtó, ọ̀dà a sì máa jẹ ike rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, Màmá, ó fọ́ bí èèpo ẹyin. Ni mo bá bú sẹ́kún. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n igbá là ń gán, ọmọ mi, a kì í gán orí." Ó ṣí àkòtó orí ara rẹ̀ fún Gíga, òun wá jókòó sí ọ́fíìsì títí tuntun fi dé.

Ọjọ́ kẹta ni sípánà já láti àjà kẹrin, ó ba Gíga lórí gbàgà, àkòtó tó yá a ló gbà á. Mo sáré débẹ̀. Gíga jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ kan orí, ó ní, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" Ọrùn ló kàn dùn ún fún ọjọ́ méjì. Ó fẹ́ gbé àkòtó ọ̀hún kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n Ìyá Alákòtó gé okùn rẹ̀ dànù kí ẹnikẹ́ni má baà tún dé e: èyí tó bá ti gba ẹ̀ẹ̀kan kò gbọdọ̀ gba ẹ̀ẹ̀kejì.

Ká ní èyí tí mo gán ló wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Màmá, mi ò lè ronú dé ìdí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sọ fún Gíga pé mi ò dúró de oṣù kankan mọ́. Ìyá Alákòtó ló ṣe ẹlẹ́rìí wa.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó sì gbé ọmọ wa jó.

Èmi ni ọmọ yín, tó ti di aya ilé.

Àfikún: Kóòtù ti ṣe tirẹ̀, ó ku àdúrà ẹnu yín. Kí ẹ̀yin, Bàbá, àwọn àbúrò mi àti ẹ̀gbọ́n yín tó máa ń pẹ́ ti dé ibí kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá.