Alàgbà Ọládọ̀tun Adéfúnmi, Alájàrà Okotoks (1955–2025)

Ìlú Ìlárá-Mọ̀kín ni a ti bí bàbá wa, Alàgbà Ọládọ̀tun Adéfúnmi, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1955. Tíṣà ni bàbá wọn, Olóògbé Josiah Adéfúnmi. Ìyá wọn, Olóògbé Dorcas, ń dáko kòkó. Bàbá kàwé ní Ìlárá àti Àkúrẹ́, wọ́n sì gboyè ẹnjiníà ní yunifásítì Ìbàdàn.

Ọdún 1984 ni wọ́n gbé Rẹ̀mílẹ́kún, nọ́ọ̀sì, níyàwó. Ní 2004, àwọn méjèèjì kó àwa ọmọ wọn, Kànmí àti Tiwalọlá, wá sí Calgary ní Kánádà, sínú basement kan, yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ní àdúgbò Penbrooke Meadows. Iṣẹ́ páìpù epo ni Bàbá ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2013.

Àdéhùn wọn ni pé bí iṣẹ́ bá ti parí, ilé yá. Màmá ti kọ́lé sí Ìlárá, wọ́n tilẹ̀ ti ta kọ́tìnnì sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá ra ilẹ̀ lẹ́yìn Okotoks, ìlú kékeré kan nítòsí Calgary, wọ́n gbin àjàrà pupa kan tí ń jẹ́ Frontenac síbẹ̀. Òtútù kì í pa á, àmọ́ ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kí wáìnì rẹ̀ tó lè dùn, àfi kí èèyàn fi í sílẹ̀ lórí igi di oṣù kẹwàá, kí ìrì dídì mú un, kí adùn inú rẹ̀ ki. Lọ́dún kan, ẹyẹ jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún mìíràn, yìnyín já a lulẹ̀. Ìgbà kan sì wà tí snow dé nínú oṣù kẹsàn-án, kí ó tó gbó.

“Ìyá Kànmí, ṣe sùúrù,” ni Bàbá máa ń wí. “Jẹ́ ká kórè tọdún yìí ná.”

Màmá dáhùn lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá Kànmí, bí àjàrà yín ṣe ń gbó, èmi náà ń gbó.”

Àìsàn ọkàn mú Màmá lọ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Calgary ni a sin wọ́n sí. Ọdún yẹn gan-an ni àjàrà náà gbó dáadáa, tí wáìnì rẹ̀ dùn tó sì dúdú bí oyin ìgàn. Tiwalọlá tọ́ ọ wò, ó ní, “Daddy, it's so good!” Bàbá gbé kọ́ọ̀bù tiwọn kalẹ̀: “Ẹni tí mo ṣe é fún ti lọ.” Wọn kò tà nínú rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń sìn ni wọ́n kó o fún, fún oúnjẹ alẹ́ Olúwa.

Ní 2024, Bàbá dá lọ sí Ìlárá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sí Calgary. Wọ́n ní ilé náà ti tóbi jù. Láti ìgbà náà, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé sí àdúgbò Cornerstone ní Calgary bí a ṣe ń wakọ̀ nínú snow, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń bi pé, “Ìgbà wo lo rí ìyá rẹ gbẹ̀yìn?”

Bàbá sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Kànmí àti Tiwalọlá ti já àjàrà tó kù lórí igi, wọn kò dúró de òtútù. Ó ṣì kan.

Wọ́n fi àwa ọmọ méjèèjì yìí sáyé lọ, àti àbúrò Bàbá, Oyèwálé, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Tófúnmi, Ládélé àti Súmbọ̀.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ bá Màmá jókòó pẹ́.