Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Màámi,

Ara mi le koko bí ọta, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́! Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣe ni mo forí ọkọ̀ kan èbúté bí àgbò. Ní báyìí, mo ti mọ bí mo ṣe máa tètè pa ẹ́ńjìnnì, kí omi rọra gbé mi débẹ̀ láìpariwo. Àìpariwo yẹn ni ọ̀gá mi fẹ́ràn jù. Kò bá mi wọnú ọkọ̀ rí o. Orí ilẹ̀ ló ti ń júwe.

Mo bi í ní ohun tí mo máa gbé. Ó ní, "Àpótí ni. Má tú u wò." Ó wá ní ṣé mo lè lúwẹ̀ẹ́. Ara fu mí, mo ní rárá. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ò ní lè bẹ́ sómi kó o fi ẹrù mi sílẹ̀."

Ẹ bá mi kí Bàámi. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín láti ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.