Fèrè Tí A Kò Fun Wò

Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ilé iṣẹ́ ní kí n lọ sinmi nílé ní Joju fún ìgbà díẹ̀, ẹ má dààmú.

Ṣé ẹ rántí àpótí tí mo sọ fún yín, tí wọ́n to kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ sínú rẹ̀ bí ìwé? Ọ̀kan nínú wọn ló ń fun fèrè bí bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń hó omi, bá gbóná jù. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi dráífà tuntun sí i, ètò tó ń jẹ́ kó mọ ojú ihò tí wáyà wọ̀. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lẹ́nu wáyà, mo ní ó ti dára. Silas tó ń ṣọ́ bọ́ílà ní kí a fun fèrè náà wò. Mo ní rárá, torí ìgbà tí a fun ún kẹ́yìn, gbogbo òṣìṣẹ́ sá jáde, ọ̀gá sì bú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé iná lè máa tàn kí ọ̀rọ̀ má sì kọjá nínú wáyà. Lọ́jọ́rú, bọ́ílà gbóná títí ó fi bẹ́, fèrè kò dún.

Òjò ń rọ̀ dáadáa níbí. Mo lọ kí ìyàwó Silas ní Alapoti lánàá. Kò bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ fún mi.

Ẹ bá mi kí Àmọ̀dá àti Fàtímọ̀. Bí ẹ bá ń fèsì, ẹ má ní kí n bá yín kí Silas mọ́, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Èmi ọmọ yín,
Afeezat