Òṣùpá Lára Kọ́bọ̀ Oníhò

Sátidé, 5 Júláì 2025

Òjò. Iná ò sí. Mo ń bínú sí gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó bi mí pé kí ló ṣe mí.

Màmá, ìyá bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Natako, Lọ́kọ́ja níbí, rán mi lọ mú ìṣó wá nínú agolo tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Agolo mílíìkì ńlá, ó ti dípẹtà. Mo da á sílẹ̀. Ìṣó, ìṣó, ìṣó — owó! Kọ́bọ̀ oníhò ti ayé òyìnbó, méjìlá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo kó owó sápò, mo kó ìṣó fún Màmá. Olè kọ́. Ìṣó ni wọ́n rán mi.

Mo ya fọ́tò ọ̀kan, mo gbé e sórí Facebook: Ta ló mọ èyí? Kò pẹ́ tí obìnrin kan ní Òṣogbo, Àǹtí Esther, fi fà mí wọ ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. ÀWỌN OLÓWÓ ÀTIJỌ́. Èèyàn mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún. Owó tí ẹnikẹ́ni ò lè ná mọ́ ni wọ́n ń kó jọ. Wọ́n kí mi káàbọ̀ bí ẹni kí ìyàwó tuntun. Wọ́n bi mí ní nǹkan, wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Nínú ilé yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi mí ni "ṣé o ti fọ abọ́?"

Sọ́ńdè, 6 Júláì

Mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀.

Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọ̀kan nínú owó náà, bí a ṣe ń fọ ìkòkò ọjọ́ ọdún. Ó dán! Ó ń kọ mànà! Mo gbé e sínú ẹgbẹ́ kí wọ́n lè yìn mí.

Yéè. Ẹnì kan kọ "Innalillahi." Ẹnì kan ní, "Ta ló bí ọmọ yìí?" Àǹtí Esther ní ìdọ̀tí ara owó yẹn, aṣọ rẹ̀ ni, pé mo bọ́ àgbàlagbà síhòòhò láàárín ọjà. Mo ti ń múra láti sá jáde nínú ẹgbẹ́.

Ìgbà yẹn ni bàbá kan dá sí i. Alàgbà Kọ́lápọ̀, ará Kàbbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń bẹ̀rù wọn. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ o jàre. Omi bátìrì ni èmi fi fọ tèmi lọ́dún 1988. Mo sunkún." Ni wọ́n bá fi fóìsì ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí mi: má fọ ọ́ láéláé, etí rẹ̀ ni kó o máa dì mú, bébà funfun ni kó o fi wé e. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án! Ọ̀fẹ́!

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Wọ́n ṣì ń ṣọ̀fọ̀.

Wẹ́sìdé, 9 Júláì

Adájọ́ ti dá ẹjọ́. (Bàsítì ni, ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wà ní Adankolo. Kò sí ohun tí wọn kì í dá ẹjọ́ lé lórí, títí kan iyọ̀ inú ọbẹ̀.) Wọ́n ní, "Ìwọ Mùsílí, o ya dìndìnrìn. Àwọn apẹja etí odò yẹn, tí wọ́n bá rí ibi tí ẹja pọ̀ sí, ṣé wọ́n máa ń fi fóìsì ránṣẹ́ síra wọn ni? Ẹni tó bá ń kọ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, nǹkan ẹ ló fẹ́ gbà."

Ó wọ̀ mí lára. Mo bá gbé ìbéèrè náà sínú ẹgbẹ́ bó ṣe rí: kí ló dé tí ẹ fi ń kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọkùnrin kan dáhùn pé ìyàwó òun ti fòfin de òun, òun ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ owó àtijọ́ nílé mọ́ láti 2019. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló kọ "Èmi náà" sábẹ́ rẹ̀. Àǹtí Esther ní ẹni tó kọ́ àwọn ti kú, àwọn ò rí i san oore fún mọ́, èmi ni kí n bá wọn gbà á. Alàgbà ló dáhùn kẹ́yìn. Wọ́n ní: "Ohun tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, tí mo bá ṣì í mọ̀, ta ni yóò sọ fún mi?"

Kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Mo kàn kọ ọ́ síbí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Adájọ́. Wọ́n ní, "Wọ́n gbọ́n. Wọ́n máa gbà á ni."

Jímọ̀ọ̀, 11 Júláì

Mo parọ́. Parọ́ gidi.

Alàgbà ní kí n ya mọ́kànlá tó kù, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo yà wọ́n, mo di etí wọn mú dáadáa. Ni Alàgbà bá pariwo (àbí wọ́n kọ ariwo, lẹ́tà ńláńlá). Gbogbo wọn ló ní àmì kékeré kan tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Wọ́n ní láti 1979 tí àwọn ti ń kó owó jọ, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. "Ọmọ mi, o ní ojú! Ta ló ni wọ́n? Níbo la ti rí wọn?"

O ní ojú. Èmi tí ìṣirò lé jáde nílé ìwé ní SS2.

Gbogbo ẹgbẹ́ ń dúró. Káfíńtà ni bàbá wa àgbà. Agolo ìṣó la ti rí owó. Ọwọ́ mi kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí: "Bàbá wa àgbà ló ni wọ́n. Olóyè ni wọ́n. Inú ìkòkò amọ̀ la ti bá a, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn."

Ìkòkò amọ̀! Níbo ni mo ti rí ìyẹn?

Sọ́ńdè, 13 Júláì

Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: ÒṢÙPÁ LỌ́KỌ́JA.

Alàgbà ní owó méjìlá, ó ní láti jẹ́ agbo ilé méjìlá. Pé baálé kọ̀ọ̀kan ló mú ẹyọ kan wá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún olóyè, tí olóyè wá fi irin lu òṣùpá sí i lára. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn ní rárá, èdìdì ni. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ bára wọn jà títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi? Ọmọ Olóyè ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Mọ́ńdè, 14 Júláì

Mo rìn wọ ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ olóyè. Àǹtí Ràṣídátù, ọ̀gá mi níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, wò mí títí. "Mùsílí, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?"

Tọ́sìdé, 17 Júláì

Ó ti bàjẹ́.

Màmá gbọn ibùsùn mi, wọ́n bá bébà tí mo fi wé owó, wọ́n tú u. Mo ti fọwọ́ bo orí, mo ń retí ìgbájú. Màmá jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Gèlè já bọ́, wọn ò mú un.

"Yéè! Wọ́ṣà ilé mi rèé!"

Mo ní wọ́ṣà kẹ̀?

Wọ́n ní nígbà tí ìjọba sọ owó di náírà, kọ́bọ̀ oníhò di yẹpẹ, ọmọdé ń fi í ṣeré. Wọ́ṣà sì wọ́n lọ́jà, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ orí ìṣó kí òjò má bàa gba ojú ihò páànù wọlé. "Bàbá yín wo owó, wọ́n wo ìṣó, wọ́n ní, 'Kí wá ni ihò àárín yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀?'" Ni wọ́n bá fi kọ́bọ̀ oníhò kan gbogbo òrùlé ilé yìí. Nígbà tí ìjì ká páànù, wọ́n ṣa èyí tí wọ́n rí padà sínú agolo.

Mo ní, Màmá, òṣùpá ńkọ́?

"Òṣùpá wo?"

Mo fi hàn wọ́n.

"Hámà nìyẹn! Ojú ọ̀tún bàbá yín kò ríran. Wọn ò lu ìṣó gúnrégé rí láyé wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń lù, orí ìṣó á wá bu owó jẹ."

Jímọ̀ọ̀, 18 Júláì

Wọ́ṣà.

Sátidé, 19 Júláì

Àǹtí Esther kéde rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìpàdé orí fóònù, Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Alàgbà Kọ́lápọ̀ yóò sọ̀rọ̀ lórí "Òṣùpá Lọ́kọ́ja: Àmì Oyè ní Ibi Tí Odò Méjì Ti Pàdé." Olùkọ́ yunifásítì méjì máa wà níbẹ̀. MÉJÌ.

Alàgbà pè mí fúnra wọn. Wọ́n ní wọ́n ti ra fìlà tuntun. Mo ní ẹ̀yin bàbá, ohùn nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Èmi yóò mọ̀ pé mo dé e." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní láti 1979, ohun tí ẹlòmíràn rí ni àwọn ń kà, tí àwọn ń sọ fún èèyàn. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn náà máa rí nǹkan.

Mo ní mo ń gbọ́ Màmá, wọ́n ń pè mí. Màmá ò pè mí.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi, ó parí, ó ku èmi àti abọ́. Tí mi ò bá sọ ọ́, Alàgbà á dúró níwájú àwọn èèyàn yunifásítì, wọ́n á máa fi wọ́ṣà kọ́ wọn ní ìtàn. Lọ́jọ́ kan káfíńtà kan á gbọ́, á sì rẹ́rìn-ín. Èmi á wà níbẹ̀. Èmi á ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Túsìdé, 22 Júláì

Mo jẹ́wọ́ fún Adájọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n dá ẹjọ́: "Dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣé páànù máa sọ̀rọ̀ ni?"

Mi ò jẹun alẹ́. Adájọ́ bá mi jẹ ẹ́.

Tọ́sìdé, 24 Júláì

Mo fẹ́ sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́. N kò rántí pé gbogbo wọn ń rí i lókè níbẹ̀ pé mò ń kọ nǹkan. Àǹtí Esther ní, "Ọmọ Olóyè, láti àárọ̀ lo ti ń kọ̀wé. Ṣé ìwé ìtàn ni?"

Mo dáhùn: "Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Wọ́n kí mi padà. Gbogbo wọn. Ó tún wá burú sí i.

Jímọ̀ọ̀, 25 Júláì

Mo kọ ọ́ sí Alàgbà nìkan. Bó ṣe rí nìyí, mo dà á kọ:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Bàbá wa kì í ṣe olóyè. Káfíńtà ni wọ́n. Kò sí ìkòkò. Agolo ìṣó ni. Owó náà, wọ́ṣà páànù ni. Òṣùpá náà, hámà ni. Ẹ ò ṣìṣe, irọ́ mi lẹ bá rìn. Ẹ ti sọ pé tẹ́ ẹ bá ṣì í mọ̀ kí ẹnì kan sọ fún yín. Mo ti sọ. Mùsílímátù."

Mo di ojú, mo fi ránṣẹ́.

Àmì aláwọ̀ búlúù méjì. Wọ́n ti kà á.

Aago mẹ́rin, kò sí èsì. Mo kírun ìrọ̀lẹ́ tán, kò sí èsì. Mo ti pa bàbá arúgbó.

Sátidé, 26 Júláì

Mo kọ́kọ́ ní mi ò ní wọlé. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan, mo wọlé. Mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná.

Alàgbà wúkọ́. Wọ́n kí wa bí ará Kàbbà ṣe ń kíni, "Ẹ̀yin ará, okun o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti kú lánàá. Ẹni tó pa á wà láàárín wa. Mùsílímátù, ọmọ mi, sọ bó o ṣe pa á."

Mo sọ ọ́. Ohùn mi ń gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Irọ́, agolo, páànù, hámà, ojú ọ̀tún bàbá wa, gbogbo ẹ̀.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Ni ọkùnrin ará Ìbàdàn yẹn bá ní, "Wọ́ṣà..." Ó tún sọ ọ́, "Wọ́ṣà!" Ẹ̀rín bú jáde bí ẹni pé wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ. Ẹnì kan láti Ìlọrin ní òun ti ra méje tó ní òṣùpá lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n sọ fún òun pé ti ààfin ni, ẹ jọ̀ọ́ kí ìyàwó òun má gbọ́. Ìyàwó ẹ̀ wà nítòsí. A gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ará yunifásítì ní kí n tún apá ibi ojú ọ̀tún yẹn sọ, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àǹtí Esther ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òfin ni òfin: ẹni tó bá parọ́ ibi tí owó ti wá, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi máa kà láìkọ nǹkan kan. Mo ní mo dúpẹ́ mà. Wọn ò lé mi! Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀!

Alàgbà bi mí ní ohun kan ṣoṣo. "Ṣé òrùlé kankan ṣì kù tí bàbá yẹn kàn, tí ìjì ò ká?" Kí n tó la ẹnu, Màmá ti gba fóònù lẹ́yìn mi. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dé.

"Ilé ìdáná mi wà níbẹ̀! Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Sọ́ńdè, 27 Júláì

Alàgbà wà lórí òrùlé wa.

Mò ń kọ èyí lábẹ́ àkàbà. Wọ́n wọ mọ́tò láti Kàbbà lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ kùtùkùtù, fìlà tuntun lórí, búrẹ́dì méjì ni wọ́n mú fún Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, mo rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Wọn ò bá mi wí nípa irọ́ náà. Wọ́n kàn ní, "Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, láti aago mẹ́rin títí dé aago mẹ́wàá alẹ́. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ rí i." Wọ́n wá béèrè àkàbà.

Màmá ní, "Ẹni ọdún mélòó?" Alàgbà ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Màmá ní, "Ọmọdé ni. Gùn ún." Màmá di àkàbà mú, Adájọ́ di Màmá mú.

Wọ́n rí i. Ẹyọ kan, lábẹ́ ìṣó, òṣùpá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Adájọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi pìláyà yọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n mú un lọ sílé.

Alàgbà lọgun lókè: "Má fọwọ́ kàn án! Ẹnu iṣẹ́ ló wà!"

Alàgbà ní nígbà tí mi ò lè kọ nǹkan sínú ẹgbẹ́, bébà ni kí n kọ ọ́ sí, àwọn á kà á fún ẹgbẹ́ lábẹ́ orúkọ mi. Wọ́n ń pè é látòkè, mò ń kọ ọ́. Ibi tó wà: òrùlé ilé ìdáná, Natako, Lọ́kọ́ja. Ẹni tó fi í síbẹ̀?

"Bámiṣayé, bàbá wa àgbà," ni mo wí.

"Iṣẹ́ rẹ̀?"

Mo wo Màmá. Màmá ń wò mí, ọwọ́ wọn wà lára àkàbà.

"Káfíńtà."

"Pariwo ẹ̀! Mi ò gbọ́ láti òkè yìí!"

"KÁFÍŃTÀ!"

Àwọn aládùúgbò jáde wá wò.