Díńgí Tó Ń Pa Àdàbà Nílé Wa

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Arówólò,
Ìkòsí, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2025.

Súmbọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtọdúnmọ́dún,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn jáde? Níyì ọmọ rẹ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o! Ẹ̀kọ́ àgbà tí o torí rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti so èso.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá Mọ́nsúrù ti kú ni mo ti ń da ọkà bàbà sílẹ̀ fún àwọn àdàbà láàárọ̀, ní ìdí máńgòrò, bí òun náà ti máa ń ṣe. Sàárà rẹ̀ ni. Mọ́nsúrù wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síwájú igi náà. Ilé ọ̀hún rẹwà, mo fi ń yangàn ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n díńgí tó ń dán bí omi ló fi ṣe gbogbo fèrèsé rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa òkú àdàbà. Bí nǹkan bá já wọn láyà nídìí ọkà, wọn á fò, ó di gbàà lára díńgí! Ológbò ará ilé kejì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo tilẹ̀ lọ bá ìyá tó ni ológbò náà jà. Roheemat, ọmọ Mọ́nsúrù tó wà ní yunifásítì, ló fà mí dúró síwájú díńgí. Ó ní, "Màmá àgbà, kí lẹ rí níbẹ̀?" Mo ní máńgòrò ni, àti ojú ọ̀run. Ó ní, "Ohun tí àwọn àdàbà náà ń rí nìyẹn." Orí ọmọ yẹn pé, Súmbọ̀! Mo ti lọ bẹ ìyá ológbò.

Ó ní ká fa ìlà sára díńgí náà láti ìta, tàbí ká ta okùn sí i, kó sún mọ́ra, káwọn ẹyẹ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì kíláàsì, mo kọ a, b, d dé ibi tí ọwọ́ mi dé. Mọ́nsúrù dé, ó ní, "Háà, Mọ́mì! Ṣé ilé mi ti di pátákó tíṣà ni?" Roheemat bẹ̀ ẹ́ títí nítorí okùn. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní sọ ilé tuntun di ilé alágbàfọ̀, pé àwọn ẹyẹ á gbọ́n tó bá yá. Òjò wá fọ a, b, d mi lọ. Òkè lọ́hùn-ún ni àwọn àdàbà sì ń forí sọ jù. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ọwọ́ àgbà náà kò tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Abẹ́ òrùlé ọmọ ni mo wà, kí ni n ó wí?

Mo ti dá ọkà dúró. Láàárọ̀ òní, àwọn àdàbà tún bà sórí okùn aṣọ, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá da ọkà, mo pè wọ́n síkú. Bí n kò bá dà á, sàárà ọkọ mi parun. N kò tilẹ̀ lè lé wọn, torí ara díńgí náà ni wọn yóò fò sí. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn padà wọlé.

Mo gbọ́ pé ilé Níyì ní Ìṣẹrì Olówóra ti kan fèrèsé. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún un kó má ra irú díńgí yìí. Tiwa ti kọjá agbára mi. Tiyín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Bá mi kí gbogbo ilé. Roheemat ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tókè,

Hàlímátù (Ìyá Mọ́nsúrù)